Ìjókòó Ẹ̀yìn

Ní àárọ̀ Sátidé kan, Láolú Akínfẹ́mi ká tapólì kúrò lórí alùpùpù rẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sì fà á padà kíá. Ó gbóná. Oòrùn kò tíì dé ẹ̀yìnkùlé ilé wọn ní Iyaro, ní ìlú Bìní, lákòókò yẹn, ìrì ṣì wà lórí tapólì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì gbọ́ bí sàlẹ́ńsà ṣe ń dún kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí irin ṣe máa ń dún bó bá ti ọ̀nà jíjìn dé tó sì ń tutù díẹ̀díẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ alùpùpù wà lápò ṣòkòtò rẹ̀. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu géètì bó ṣe fi í síbẹ̀ lálẹ́ àná.

Ó dúró, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ náà ló parọ́ fún un. Nígbà tó yá, ó bu omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́. Kòkòrò wẹ́wẹ́ ti kú mọ́ gíláàsì iwájú rẹ̀. Ó sì ti nù ún mọ́ tónítóní ní ìrọ̀lẹ́ àná.

Báǹkì ni Láolú ti ń ṣiṣẹ́. Ìlawẹ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ló gbé e wá sí Bìní pẹ̀lú Motọ́lání ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé girama, àti Ìníolúwa ọmọ wọn obìnrin, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé Pidgin ló máa ń fi dáhùn. Ní ọdún 2008 yẹn, mọ́tò ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Láolú ń rà. Òun ní tirẹ̀ lọ ra alùpùpù Tòkunbọ̀ kan tó ti dàgbà, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń rin ọ̀nà jíjìn: gíláàsì fífẹ̀ wà níwájú rẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́ lójú ẹni, àpótí wà lọ́tùn-ún àti lósì, táǹkì rẹ̀ tóbi bí àyà akọ màlúù. Kò ní kábúrétọ̀ bíi ti ọ̀kadà. Injẹ́tọ̀ ló ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àpótí dúdú pẹlẹbẹ kan tó wà lábẹ́ ìjókòó ló sì ń sọ fún injẹ́tọ̀ ìgbà tí yóò fọ́n epo àti bí yóò ṣe pọ̀ tó. Ọpọlọ ni àwọn mẹkáníìkì ń pe àpótí náà.

Ọpọlọ yìí ló kọ́kọ́ da ọkàn Láolú láàmú. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra alùpùpù náà, ó máa ń wúkọ́, á máa gbọ̀n, á sì kú mọ́ ọn nídìí láàárín èrò ọjà New Benin, tí àwọn onítakisí á máa fọn fèrè sí i lẹ́yìn. Láolú pààrọ̀ pọ́ǹpù epo. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí epo ń gbà kọjá. Ó tú injẹ́tọ̀, ó fọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n padà. Ìyàtọ̀ kankan kò wà. Akínwùmí, mẹkáníìkì tó jẹ́ ọmọ Ọ̀wọ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní New Benin, ló wá sọ fún un pé ọpọlọ alùpùpù náà ti kú.

"Kò sẹ́ni tó ń ta tuntun mọ́, Ọ̀gá Láolú. Àmọ́ mo mọ ibi tí mo ti lè rí ọ̀kan."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ló rí i. Láolú bi í léèrè ibi tó ti wá.

"Ara alùpùpù kan báyìí ni. Ó ní jàǹbá. Ara ẹ̀ fọ́ yángá, àmọ́ kiní kan ò ṣe ọpọlọ ẹ̀."

"Ẹni tó gùn ún ńkọ́?"

Akínwùmí tẹrí ba sórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ bá mi na sípánà yẹn," ló wí.

Láti ìgbà tí wọ́n ti so ọpọlọ yẹn mọ́ ọn ni alùpùpù náà ti di ọ̀tun. Ìfọwọ́kàn kan báyìí, ẹ́ńjìnnì á ti dáhùn. Orí Láolú wú. Ó ra rọ́bà bíréèkì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó fi iná iwájú tó mọ́lẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn àtúnṣe kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lọ́kàn tí òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàlàyé. Ó ní kí wọ́n fi tìmùtìmù tó rọ̀ sí ìjókòó ẹ̀yìn. Ó ní kí wọ́n rọ ìfẹ̀yìntì sí i. Ó ní kí wọ́n gbé irin ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn sókè, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gùn lè rí i tẹ̀.

"Ta lẹ fẹ́ máa gbé?" Akínwùmí bi í. "Ìyàwó yín kọ́, àbí? Ẹ̀yin lẹ sọ pé kì í gun alùpùpù."

Láolú rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń rọ irin bi í bí ìfẹ̀yìntì yóò ṣe ga tó, kò ronú rárá kó tó na ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀ pé, "Ibí yìí. Èèyàn kúkúrú ni."

Lẹ́yìn Sátidé yẹn, kò sí àárọ̀ kan tí Láolú kì í kọ́kọ́ jáde lọ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà kó tó fọ ẹnu. Lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń gbóná, lọ́jọ́ mìíràn ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Epo táǹkì ń dín kù. Ó pààrọ̀ àgádágodo géètì. Ó yọ fíúsì tó ń gbé iná lọ sí pọ́ǹpù epo, ó fi í sínú àpò ẹ̀wù tó fi kọ́ sára ògiri yàrá. Láìsí fíúsì yẹn, ẹ́ńjìnnì kò lè mu epo rárá. Nígbà tó jí, ẹ́ńjìnnì gbóná, fíúsì sì wà ní àyè rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ó sáré padà wọlé lọ yẹ àpò ẹ̀wù wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Níbi iṣẹ́, á ka owó oníbàárà, á sì gbàgbé ibi tó kà á dé. Oúnjẹ kò wù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo èèyàn, títí kan onílé wọn, bàbá arúgbó tí kò lè ti alùpùpù náà kúrò lójú kan. Motọ́lání kò bi í léèrè ohunkóhun. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ gan-an tiẹ̀ ń dẹ́rù ba Láolú, nítorí Motọ́lání kì í ṣe ẹni tó máa ń dákẹ́.

Ìníolúwa ló tú u síta. Wọ́n ń jẹ àkàrà àárọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀.

"Daddy, why you dey wear helmet for inside house?"

"Ìgbà wo ni mo wọ akoto nínú ilé, Ìní?"

"For night, when I wan go toilet. You stand for parlour. I greet you, you no answer."

Láolú wo ìyàwó rẹ̀. Motọ́lání gbé abọ́ àkàrà kúrò lórí tábìlì bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì jẹun tán. Ó ní kí ọmọ lọ wọ aṣọ ilé-ìwé. Ó dúró títí ọmọ fi wọ yàrá lọ.

"Dádì Ìní," ló wá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ gan-an, "ibi tí ẹ ń lọ, ẹ kúkú sọ fún mi. Ó sàn ju kí ẹ máa yọ́ lọ bí olè."

"Ibo ni mò ń lọ?"

"Ní ìdájí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń dìde. Ẹ máa ń ti alùpùpù yẹn dé òpópónà kí ẹ tó ṣíná sí i, kí n má baà gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ti dé, ẹ ti fi tapólì bò ó, ẹ ti padà sùn tì mí." Omi ti ń kún ojú rẹ̀. "Ṣé obìnrin ni? Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ẹ sọ."

Ara Láolú bù máṣọ. Ó fi ọmọ wọn búra pé òun kò mọ nǹkan kan. Ó fi Bíbélì búra. Motọ́lání wò ó lójú títí, bó sì ṣe ń wò ó, ìbínú kúrò lójú rẹ̀, ẹ̀rù sì bọ́ síbẹ̀. Láolú ìbá fẹ́ kí ìbínú yẹn ṣì wà.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ bá Akínwùmí ní ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó.

"Enjinía, ọpọlọ tí ẹ fún mi, ti ta ni?"

Akínwùmí nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà, ó nù ún ju bó ṣe yẹ lọ. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ dá mi lóhùn."

"Bàbá Ọláoyè ni wọ́n ń pè é. Yorùbá bíi tiwa ni. Ogbe nílùú yìí ló ń gbé. Ọ̀dọ̀ mi ló máa ń gbé alùpùpù ẹ̀ wá. Irú tiyín gẹ́lẹ́ ni. Ọ̀nà ló kú sí. Wọ́n gbé èyí tó ṣẹ́kù lára ẹ̀rọ náà wá fún mi pé kí n tà á ní àlòkù." Ó ju àkísà náà sílẹ̀. "Ọ̀gá, nígbà tí ẹ ní kí wọ́n gbé irin ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn yẹn sókè, oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Irú nǹkan tí bàbá yẹn ṣe sí tiẹ̀ gan-an nìyẹn. Ìyàwó ẹ̀ kò ga."

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Láolú wọ takisí lọ sí Ogbe. Kò fẹ́ gun alùpùpù náà débẹ̀. Akínwùmí ti júwe ilé náà fún un, ṣùgbọ́n kò nílò ìjúwe: ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí kọ̀rọ̀ tó yẹ kó yà sí kó tó rántí pé ibẹ̀ ni. Ọkùnrin kan tó ń fọn táyà lójú títì gbé ọwọ́ sókè kí i.

"Oga, today you waka come? Where your machine?"

Láolú yára kọjá lára rẹ̀.

Kò tíì kan ilẹ̀kùn tó fi ṣí. Obìnrin kúkúrú kan, tí irun orí rẹ̀ ti funfun, tó wọ búbà òun ìró tó mọ́, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ Bìní ni, ṣùgbọ́n Yorùbá tó ń sọ yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó kàn fi ohùn Bìní díẹ̀ sí i ni.

"Ọ̀sán lẹ wá lónìí," ló wí. "Ẹ wọlé."

Pálọ̀ náà ṣókùnkùn, ó sì ń rùn bí ọṣẹ. Àga onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ife omi sì wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láolú jókòó sí àga mìíràn tó jìnnà sí i. Obìnrin náà wò ó bí ẹni pé ó ṣe ohun àjèjì.

"Mà," Láolú ní, "ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ mí ni?"

"Mi ò mọ orúkọ yín. Ṣùgbọ́n ẹ máa ń wá." Ó rọra jókòó. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ pariwo. Mo rò pé adigunjalè ni. Ẹ wọlé, ẹ gbọn bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ẹ gbé akoto yín sórí fíríìjì. Ẹ wá jókòó sí àga ẹ̀bá fèrèsé yẹn, ẹ mu omi, ẹ ò sì sọ̀rọ̀. Ọkọ mi nìkan ló ń gbé akoto sórí fíríìjì nínú ilé yìí. Ọjọ́ ayé rẹ̀ ni mo fi ń bá a jà lórí ẹ̀."

"Ojú mi lẹ rí, àbí ojú tiwọn?"

"Ojú yín ni. Ìyẹn ò dí mi lọ́wọ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín rẹ̀ sì mú kí irun ọrùn Láolú dìde. "Ó lọ sí ìlú rẹ̀ lọ tún ilé àwọn bàbá rẹ̀ ṣe, kó lè wá gbé mi, ká lọ lo ọjọ́ alẹ́ wa níbẹ̀. Bíbọ̀ ló ń bọ̀ wá gbé mi nígbà tí ó kú. Mo ti di ẹrù mi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n wá sọ fún mi. Mi ò tíì tú u."

Láolú fẹ́ dìde. "Ẹ ní mi ò kì í sọ̀rọ̀," ló wí.

"Ẹ kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ló jáde lẹ́nu yín." Obìnrin náà tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lé orí ọwọ́ Láolú. "Ẹ ní kí n máa múra. Ẹ ní wọ́n ti tún ìjókòó ẹ̀yìn ṣe, kò ní í dùn mí nídìí mọ́."

Bí Láolú ṣe jáde nílé náà, kò lè sọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òun àti Akínwùmí ti alùpùpù náà wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì tú u. Wọ́n yọ táyà méjèèjì. Wọ́n yọ táǹkì, wọ́n fa waya jáde, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀ kalẹ̀ sórí páálí. Akínwùmí yọ ọpọlọ náà, ó fi òòlù fọ́ ọ títí ó fi di ẹ̀rúnrún. Láolú fi ẹsẹ̀ rìn délé, ó sì sùn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù wọ́n nínú ilé. Motọ́lání ní Láolú ti ń sùn di àárọ̀. Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wù ú. Ó padà ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà ní báǹkì. Ó tiẹ̀ ti ń bèèrè mọ́tò kékeré kan tí ẹnì kan fẹ́ tà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, ọ̀sán Sátidé, kí ọ̀dọ́bìnrin kan tó wá kan géètì wọn. Ó rẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì ti wú fún ẹkún. Ó ní Olúbùnmi Ọláoyè ni orúkọ òun, pé Warri lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé Akínwùmí mẹkáníìkì ló júwe ilé wọn fún òun. Motọ́lání fún un ní omi. Kò mu ún.

"Màmá mi ò sí nílé láti Ọjọ́bọ̀," ló wí. "Ẹrù wọn ò sí níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ní alùpùpù ńlá onígíláàsì ló wá gbé wọn ní ìdájí, wọ́n ní màmá mi ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó máa ń wá kí wọn tẹ́lẹ̀ ló gùn ún." Ó kọjú sí Láolú. "Bí wọ́n ṣe júwe rẹ̀, ẹ̀yin ni, sà."

"Alùpùpù mi wà nílẹ̀ ní títú," Láolú ní. "Enjinía fúnra rẹ̀ ló tú u. Kò ní táyà. Kò ní nǹkan kan."

"Ó ti fi hàn mí." Olúbùnmi nu ojú rẹ̀. "Ìdí tí mi ò fi tíì lọ bá ọlọ́pàá nìyẹn. Ẹ̀yin mà, ẹ jọ̀ọ́, obìnrin bíi tèmi ni yín. Ibo ni ọkọ yín wà ní ìdájí Ọjọ́bọ̀?"

"Ẹ̀gbẹ́ mi ni," Motọ́lání dáhùn. Kò tiẹ̀ sinmi kó tó fèsì. "A jọ sùn ni. Kò dìde rárá."

Olúbùnmi wò ó títí. Ó wá mi orí, ó dìde, ó ní bí òun kò bá rí màmá òun di ọjọ́ Ajé, òun ò ní í lè ṣe kí òun má fi tó ọlọ́pàá létí. Motọ́lání sìn ín dé géètì. Nígbà tó padà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀yìn tì í, kò sì sún mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Mo parọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ," ló wí.

Láolú dìde.

"Ẹ dìde ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn jáde. Mo tẹ̀ lé yín dé géètì, mo fẹ́ pè yín, ohùn mi ò jáde. Alùpùpù kan ti ń dúró dè yín lójú títì, Dádì Ìní. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, iná iwájú rẹ̀ ń tàn. Kò sẹ́ni tó gùn ún wá." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó sì tún mú un kúrò. "Níbo lẹ gbé màmá yẹn lọ?"

Láolú la ẹnu láti búra fún un pé òun kò mọ̀. Ohùn tó jáde rinlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ, ohùn àgbàlagbà tó ti rìn jìnnà tí ara sì ti wá tù.

"Má dààmú, ọmọ mi," ni ohùn náà wí. "A ti délé."